Nùsírátù àti Bọ́tìnnì Ẹrù Lásán

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni oògùn ojú bàbá kan fi wà lórí pẹpẹ nínú yàrá ẹrù wa ní Èjìgbò, lábẹ́ páànù tó ń gbóná bí ààrò, èmi gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló kù tí bàbá náà fi ń ríran. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn kọ̀ǹpútà ni mo jókòó láti sọ. Ìtàn Nùsírátù ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ti Nùsírátù kí kọ̀ǹpútà má yọjú, nítorí òun ló kọ́ ẹ̀rọ wa bí a ṣe ń gba ẹrù, èmi sì ni mo yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi bà á jẹ́.

Orúkọ mi ni Joanna, Ìyá Ooreọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pè mí níbi iṣẹ́. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gba ẹrù ní ọ́fíìsì Alájì Mọ́rúfù, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná Èjìgbò sí Àbíjàn. Kò sí agbo ilé kan ní Èjìgbò tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí ẹrù kì í wá. Ẹ̀lùbọ́, gààrí, aṣọ òfì àti ìwé ẹ̀rí ń lọ láti ìhín. Àǹkárá, fóònù, ìkòkò àti oríṣiríṣi nǹkan ń bọ̀ láti ọ̀hún. Inú ìwé ńlá kan tí mo fi rúlà là ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Mo mọ oníbàárà mi, mo mọ ìwé mi, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá ràn mí lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Alájì fi mú Nùsírátù wá lọ́jọ́ kan, tó ní òun ló máa kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ó máa fi gba ẹrù níhìn-ín àti ní Àbíjàn.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, n kò sì tí ì rí ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kì í jókòó. Ó to páálí mẹ́ta léra, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e, ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró. Tó bá tẹ ìlà méjì, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á wo títì bí ẹni tó ń retí ẹnì kan, á padà. Tíì rẹ̀ á tutù sínú ife, á po òmíràn, ìyẹn náà á tutù. Ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ó fi í sílẹ̀. Ó ta fóònù, ó fi í sílẹ̀. Ó lọ́kọ, ó fi ọkọ náà sílẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní ọkùnrin náà ń sùn jù. Nígbà tó wà ní Àbíjàn, ó ń dirun ní Àjàmé láàárọ̀, ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, ìyẹn nìkan sì ni nǹkan tó dì mú tí kò jù sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti padà wálé. Bàbá rẹ̀ ń dáko ní Ola, kò jìnnà sí wa rárá, ṣùgbọ́n láti Iléyá ni kò ti débẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ pé, "Àǹtí, mo máa lọ kí Bàbá lọ́jọ́ Àìkú." Àìkú á dé, á rí ibòmíràn sáré lọ.

Mo bínú sí i, n kò ní purọ́. Mo rò pé àga mi ló wá gbà. Nígbà tó parí ètò náà, tó ní kí n wá tẹ̀ ẹ́ wò, mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ejò.

Bọ́tìnnì márùn-ún ló wà níbẹ̀: Oúnjẹ, Aṣọ, Ìwé, Oògùn, àti Ohun Tó Lè Fọ́. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wọlé gbé àpò kan kalẹ̀. Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

"Ẹrù àbúrò mi ni," ó ní.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ níhìn-ín kì í pariwo ohun tó di sínú rẹ̀. Ẹrù ìyá mi ni. Ẹrù ọkọ mi ni. Ó parí. Ẹni tó ni ín ló ń sọ fún ọ, kì í sọ ohun tó jẹ́, nítorí ẹnu ayé, nítorí pé ará ilé ẹlòmíràn ń bẹ lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, n kò bi ẹnikẹ́ni. "Ẹrù kan, àpò dúdú" ni mo máa ń kọ.

Mo wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Ẹrù sí, n kò rí i. Mo pe Nùsírátù.

"Kò sí ẹrù lásán níbẹ̀, Àǹtí," ó ní.

"Kí ló dé tí kò sí? Ṣebí ẹrù ni gbogbo wọn?"

"Ẹrù ni gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn." Ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ti padà. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí mo bá ní kí ẹ wọ yàrá yẹn lọ, kí ẹ gbé ẹrù kan wá fún mi, ẹrù tí kì í ṣe aṣọ, tí kì í ṣe oúnjẹ, tí kì í ṣe ìwé, tí kì í ṣe nǹkan kan, ẹrù ṣá, kí lẹ máa gbé?"

"Máa gbé èyí tó bá wà nítòsí."

"Èyí tó wà nítòsí á ti jẹ́ nǹkan kan. Á jẹ́ àpò ẹ̀lùbọ́ tàbí páálí abọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹrù lásán rí láyé. Inú orí wa ló wà. A wo gbogbo nǹkan wọ̀nyí, a mú ohun tó pa wọ́n pọ̀, a gbé ìyókù tì, a wá sọ ọ́ lórúkọ."

"Afòyemọ̀," mo ní. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣàdédé jáde lẹ́nu mi láti ilé-ìwé girama.

"Vùwàlá! Òun gan-an nìyẹn!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. "Kíláàsì afòyemọ̀ là ń pè é nínú iṣẹ́ wa. Ẹ wò ó."

Ó mú ẹfun, ó kọ ẸRÙ gàdàgbà sára páálí kan. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ohun tí gbogbo ẹrù ní: ẹni tó fi í ránṣẹ́, ẹni tó ni ín, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tó wọ ọkọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun kọ ìwọ̀nyí, gbogbo irú ẹrù tó bá jáde lára rẹ̀ á kàn jogún wọn ni. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá: Báwo la ṣe máa fà á lé olóhun lọ́wọ́? Kò kọ ìdáhùn sí i. Ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

"O gbàgbé ìyókù," mo ní.

"N ò gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹrù lásán ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, Àǹtí, torí a ò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Oúnjẹ á ní: pe olóhun kí ọkọ̀ tó wọ Ìbàdàn, kí n má baà bàjẹ́. Ìwé á ní: ọwọ́ dírẹ́bà ni kí ẹ fi mí sí, kí ẹni tó gbà mí buwọ́ lùwé. Oògùn á ní: ẹ gbé mi sí fíríìjì, ẹ pe olóhun lónìí, tí kò bá gbé fóònù, ẹ rán ọlọ́kadà lọ sílé rẹ̀. Aṣọ á ní: ẹ gbé mi sórí pẹpẹ, olóhun á wá nígbà tó bá ráyè. Irú èyí tí kò bá mú ìdáhùn tirẹ̀ wá, ẹ̀rọ ò ní gbà á wọlé."

"Èmi ni màá wá máa há gbogbo ìyẹn sórí?"

"Rárá o! Ẹ̀yin á kàn tẹ 'Fà á lé e lọ́wọ́' ni. Kálukú á ṣe bí ó ti yẹ kó ṣe. Ohun tí ẹ ò nílò láti rí, a gbé e pamọ́ fún yín."

Ó yé mi. Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn, pé ó yé mi lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò fẹ́ gbọ́ ọ. Obìnrin kan bi mí bóyá mo ti di ọlọ́pàá. Ọkùnrin mìíràn gbé ẹrù rẹ̀, ó kọjá sí gáréèjì kejì. Ìlà gùn dé ìta, oòrùn ń pa wọ́n, orí mi ni wọ́n sì ń sọ gbogbo rẹ̀ sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo lé Nùsírátù lórí. Mo ní, "Fi bọ́tìnnì kan sí i, kọ Ẹrù sára rẹ̀, jẹ́ ká sinmi." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kọ̀ fún mi. Mo lọ bá Alájì, mo ní ẹ̀rọ ọmọ yìí ń lé èèyàn lọ. Alájì wá, ó dúró lórí wa.

"Nùsírátù, ṣe ohun tí Ìyá Ooreọ̀fẹ́ bá wí," ó ní. "Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

"Tí mo bá ṣe é, Alájì, mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí àyè òfìfo yẹn. Kí ni kí n kọ?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Kọ pé ká gbé e sórí pẹpẹ títí olóhun á fi wá. Ṣebí bí a ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún, ilé-iṣẹ́ kan ní Òṣogbo ń pè é pé kó wá ṣiṣẹ́ fún àwọn náà, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti kọ síwájú Ẹrù nínú ètò náà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé afòyemọ̀ ni, kí ó má gbà kí ẹnikẹ́ni forúkọ ẹrù lásán sílẹ̀. Ó yọ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ ìlà kan sí àyè òfìfo: gbé e sórí pẹpẹ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Inú yín dùn báyìí, Àǹtí?" ó ní, ó sì ti wà lórí ọ̀kadà kí n tó dáhùn.

Inú mi dùn o. Inú mi dùn bí ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń tẹ bọ́tìnnì mìíràn mọ́. Lùkmọ́nù tó ń gba ẹrù fún wa ní Àbíjàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ẹrù fún ohun gbogbo. Tí Nùsírátù bá yà wá wò wá, orí ìdúró ni, fóònù rẹ̀ ló sì ń wò. Ó ti ṣe é kí fóònù náà máa fi nọ́ńbà mẹ́ta péré hàn án: ẹrù tó wọlé, èyí tí wọ́n ti gbà, èyí tó kù. "Ó kù mẹ́tàlélógójì," á ní, á sì jáde. Kì í wọ yàrá ẹrù. Kò rí ìdí tí òun á fi wọ̀ ọ́.

Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ń mú bí ẹni pé òjò kò ní rọ̀ mọ́, ọkọ̀ dé láti Àbíjàn ní Ọjọ́rú. Lára ẹrù tí mo já ni náílọ́ọ̀nù dúdú kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: BÀBÁ ÀMÍRÀ, OLA. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní: Ẹrù. Gbé e sórí pẹpẹ. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo sì ń wò ó lójoojúmọ́ tí mo bá lọ mú nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kan, mo tún sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí páálí abọ́ lè rí àyè.

N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Bàbá Àmírà. Bó bá ṣe pé wọ́n kọ Bàbá Nùsírátù ni, n bá mọ̀. Àmírà ni ẹ̀gbọ́n Nùsírátù, òun ni àkọ́bí, ó wà ní Àbíjàn, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pe bàbá wọn nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nùrúdíìnì ni orúkọ bàbá náà gan-an. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú ti ń dun bàbá yìí. Ọ̀tún ti lọ pátápátá. Òsì ni wọ́n ń fi oògùn dì mú, ẹ̀kán kan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Àmírà ló sì ń rà á fún un. Wọn kò sọ fún Nùsírátù. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá gbọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri. Àmírà kò sì fẹ́ kí àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Àjàmé máa sọ ọ́ kiri pé bàbá wọn ń fọ́jú. Nígbà tí Lùkmọ́nù bi í léèrè ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ló sọ. Ó ní, "Ẹrù bàbá mi ni."

Ó wá fi fóònù sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó máa retí ìpè. Alájì ti kéde fún gbogbo wọn ní Àbíjàn pé ẹ̀rọ tuntun wa ń pe olóhun fúnra rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni Alájì pa. Bọ́tìnnì Oògùn ń pè. Bọ́tìnnì Ẹrù kò pe ẹnikẹ́ni rí. Bàbá sì jókòó sí Ola, ó gbé fóònù lé itan, ó ń retí. Ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ. Tí Àmírà bá bi í, á ní wọn kò tí ì pe òun. Àmírà á ní kó ní sùúrù, pé bóyá wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní bodè.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀ rí i lójú ọ̀nà mọ́sálásí, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ẹkúndayọ̀ kò bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Èjìgbò.

Wọ́n wọlé bá mi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bàbá di Ẹkúndayọ̀ lápá mú. Ó wọ agbádá funfun tó mọ́ tónítóní, ó kí mi dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Mo wá béèrè ẹrù kan ni. Bàbá Àmírà, Ola."

Mo sáré wọlé, mo mú un wá. Ó ní kí n bá òun tú u. Ìwé ìròyìn Faransé ni wọ́n fi wé e, páálí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n ya yìnyín sára páálí náà, àmì pé inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi fọwọ́ kan ìgò yẹn. Ṣé ó tutù?"

Ìgò náà gbóná. Mo dì í mú sọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Nùsírátù wọlé, fóònù létí, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró. Ó sọ̀ fóònù kalẹ̀ láti etí.

"Bàbá?"

Bàbá yí orí padà síbi tí ohùn náà ti wá. Kò jìnnà síra wọn, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ojúmọ́ sì mọ́ kedere lẹ́yìn Nùsírátù. Ojú bàbá náà dúró sí ara ògiri tó wà lápá òsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri náà.

"Nùsírá mi," ó ní, "ṣé ìwọ nìyẹn?"

N kò fẹ́ rí irú ojú tí Nùsírátù ní lọ́jọ́ yẹn mọ́ láyé mi.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ lé wọn. Ta ni ì bá dá mi dúró? Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní èyí tó ti lọ nínú ojú òsì kò ní padà mọ́. Bàbá á máa mọ ìmọ́lẹ̀, á máa rí òjìji èèyàn, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ tí kò bá tún pa oògùn jẹ. Nùsírátù bi í bóyá ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn ló ṣe é. Dókítà ní òun kò lè fi ọ̀bẹ pín in, pé àìsàn náà ti ń jẹ ojú láti ọjọ́ pípẹ́. Nùsírátù kò gbà. Ó ń rìn láti ògiri kan sí èkejì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá bàbá rẹ̀ jà, ó ń sunkún.

"Ẹ ò sọ fún mi! Ogún ìṣísẹ̀ ló wà láàárín èmi àti oògùn yín, Bàbá. Mò ń wo nọ́ńbà lórí fóònù. Ẹ̀yin wà nínú nọ́ńbà yẹn!"

"Ara rẹ kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀," Bàbá ní. "A ò fẹ́ dá kún un."

Mo wí fún un níbẹ̀, mo ní, "Nùsírátù, èmi ni mo ní kí o fi bọ́tìnnì yẹn síbẹ̀. Èmi ni mo lọ fi ẹjọ́ rẹ sun Alájì." Mo fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi.

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, Àǹtí," ó ní. "Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì kọ ọ́ torí pé mo fẹ́ máa lọ."

Ní ọjọ́ kejì, ó dé kí n tó dé. Ó ti to páálí léra. Ó dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn padà síwájú Ẹrù, ó pa ìlà tí mo ní kó kọ rẹ́, ó sì fi àyè òfìfo sílẹ̀ lófìfo. Lójú ẹsẹ̀ ni pupa bo ojú kọ̀ǹpútà. Ibi mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ẹ̀rọ ti ń ké pé ẹnì kan fẹ́ dá ẹrù lásán sílẹ̀, pé kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti òun sì wọ yàrá ẹrù, a pe olóhun kọ̀ọ̀kan nínú ẹrù mẹ́tàlélógójì tó wà níbẹ̀, a ń bi wọ́n pé ẹrù kí ni. A rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì. A rí ìwé ìbí ọmọ kan tí wọ́n ti ń wá fún ìdánwò. Gbogbo wọn ni mo ti gbé kọjá lórí pẹpẹ yẹn, mo sì ti fọwọ́ ara mi nu eruku ara wọn.

Ti àwọn oníbàárà ló kù. Èmi ni mo ronú kan èyí, ẹ jẹ́ kí n gba tèmi. Mo ní kí ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí oníbàárà, kí ó fi àwòrán sára bọ́tìnnì, kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tó gbé wá. Èmi kò ní bi í, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní gbọ́. Nùsírátù wò mí títí.

"Ẹ ti di onímọ̀ ẹ̀rọ, Àǹtí," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, kò sì pẹ́ lójú rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bú mi ní ọlọ́pàá wá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ Oògùn, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkàn Nùsírátù kò tìtorí ìyẹn balẹ̀. Àìkú kò tún kọjá kó má lọ sí Ola mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá sọ fún mi pé á kàn bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, á gbálẹ̀, á fọ abọ́, á yẹ ìgò oògùn wò, á tún dìde. Ó ní òun kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ káàkiri inú ilé ni. Ojú kò sì jẹ́ kí òun lè wo ibi tó wà.

Nínú oṣù Kẹjọ, Ẹkúndayọ̀ tún mú Bàbá wá. Òfìfo ìgò ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Àmírà, kó lè ra irú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwé tí dókítà kọ. Ọjọ́ ọkọ̀ ni, ọ́fíìsì kún, àwọn ará Ola tó mẹ́fà wà lórí ìlà. Nùsírátù wà nídìí páálí rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan lórí ìdúró. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí Bàbá. Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà ń rìn lójú ẹ̀rọ, kò mọ èyí tó máa tẹ̀. Àwòrán tí mo ní ká fi bo àṣírí gbogbo ènìyàn, kò rí i.

Mo na ara kọjá tábìlì, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ kàn sọ ọ́ sí mi létí. Màá bá yín tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé orí sókè.

"Kí ni mò ń sọ sínú etí fún, ìyá?" Ohùn rẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà. "Oògùn ojú ni. Ojú mi ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó lọ sọ ọ́ fún ará ilé rẹ̀."

Mo tẹ Oògùn. Ẹ̀rọ gbà á.

Nùsírátù fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ó rìn wá, mo rò pé ẹnu ọ̀nà ló ń lọ. Ó mú Bàbá lọ́wọ́, ó mú un lọ sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi í jókòó, òun náà sì jókòó tì í. Bàbá na ọwọ́, ó fi kan ojú ọmọ rẹ̀, ó rọra ń fi ìka wá imú rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀. Fóònù Nùsírátù dún nínú báàgì, ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún dún. Kò wò ó. A di ẹrù, ọkọ̀ kún, dírẹ́bà fun fèrè, ọkọ̀ gbéra lọ sí Àbíjàn, mo ti ọ̀kan lára fèrèsé, mo ń pa kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀.